Kaṣú Orí Ilẹ̀ Ọkọ

Níbi tí a ti ń dúró de ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ l'Ómù-Àrán ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó kan tó pọn ọmọbìnrin rẹ̀ sẹ́yìn àti màmá àgbà kan tó jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti fa gbogbo kaṣú tí mo gbìn tu. Wọ́n ní kí n máa gbin ẹ̀gẹ́ àti ilá mi, pé obìnrin kì í gbin igi sórí ilẹ̀ ọkọ."

"Ẹ̀rù ń bà wọ́n kó o má fi igi gba ilẹ̀ ẹbí ni. Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn."

"Màmá, ṣé bá a ó ṣe máa bá a lọ nìyí? Ọdún yípo, a hú ẹ̀gẹ́ wa, ilẹ̀ á wá dà bíi pé a ò débẹ̀ rí."

Bíi pé a ò débẹ̀ rí. Mo wo ẹ̀gẹ́ inú abọ́ mi. Orí ilẹ̀ ọkọ lèmi náà ti hú u láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Kí lẹ wá ṣe, Màmá?"

"Mo tún kaṣú gbìn, àmọ́ ọmọ mi obìnrin ni mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ fi kóró rẹ̀ sínú ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ èmi wá ni. Òun, ọmọ ilé wọn ni. Nígbà tí wọ́n dé, mo ní kí wọ́n wá fa ti ọmọ wọn tu."

Ìyàwó náà di ọwọ́ ọmọbìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ lábẹ́ abíyá mú, ó ń ṣí ìka rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fi kóró kaṣú lé e lọ́wọ́.