Mrinmoy Fa Etí Ara Rẹ̀ Nítorí Mi

Ẹ̀yin ará ìsọ̀ tíì wa, ẹ jẹ́ kí n tú u síta kí ẹ̀mí tó bọ́ lára mi. Èmi Bhabotosh, tí mo ń di ìwé pọ̀ ní àdúgbò àwọn onítẹ̀wé ní Kolkata níbí, èké ni mí.

Ẹ rántí bí a ṣe ń jiyàn lórí *Ìlẹ̀kùn Eérú*, ìtàn abàmì tó kún fún ẹ̀jẹ̀ yẹn. A ti ka apá márùn-ún, a ń retí ìkẹfà tó máa parí rẹ̀. Mo ní ọba ló máa kú lẹ́nu ìlẹ̀kùn náà. Mrinmoy, àbúrò gbogbo wa, fárígá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kàwé yìí dáadáa! Ọmọbìnrin apọnmi yẹn ló máa tilẹ̀kùn látinú, gbogbo wọn á sì gbàgbé ẹ̀." Mo ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Ta ló ń kàwé nítorí apọnmi?" Ẹ rẹ́rìn-ín. A bá ṣàdéhùn pé ẹni tí tiẹ̀ ò bá ṣẹ á fa etí ara rẹ̀ méjèèjì, á lóṣòó níwájú gbogbo wa bí ọmọ iléèwé tó jẹ̀bi.

Àìsàn kíndìnrín wá dá Mrinmoy dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni apá ìkẹfà dé ṣọ́ọ̀bù wa fún dídìpọ̀. Mo kà á lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ Mrinmoy ló ṣẹ, kò yẹ̀ rárá. Inú bí mi. Ẹ wo ìwà burúkú!

Mo lọ kí i. Shefali ìyàwó rẹ̀ fún un lómi ìrẹsì mu, ó sì padà sídìí ààrò. Ojú Mrinmoy là bó ṣe rí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kà á, àbí? Ẹ sọ fún mi, n ò lè dúró dè é. Ṣé apọnmi ni?" Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń béèrè láyé nìyẹn. Mo ní, "Rárá o. Ọba ló kú."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ sókè, ó fa etí rẹ̀ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n, n ò lè lóṣòó." Mo jókòó, mò ń wò ó. Mi ò dá a dúró.

Ó kú kí ìwé tó jáde. Nígbà tí ìwé náà jáde, tí ẹ pariwo pé ọ̀rọ̀ Mrinmoy ló ṣẹ, mo ní ó ti yí ohùn padà kó tó kú, pé tèmi ló fara mọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ sì gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbàgbé apọnmi.

Bí mo bá ti dijú báyìí, ọwọ́ gbígbẹ yẹn ni mò ń rí. Ó ń bà mí lẹ́rù ju ikú lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ṣẹ, ẹ sọ fún un nígbà tó ṣì ń gbọ́.

Shefali, èmi ni mo ní kí wọ́n pè ọ́ wá. Wò mí, mo ti fa etí mi. Orúnkún mi ò gbé mi mọ́. Ẹ bá mi di apá mú, kí n lóṣòó.