Bátìrì Tí Mo Sá Sóòrùn

Ẹ bá mi yin Ọba tó ń gbọ́ tẹni tí kò lè sunkún! Halelúyà!

Ẹ má bínú, ohùn mi ò ròkè. Láti ọjọ́ tí bàbá Fẹ́mi, ọkọ mi, ti kú, ara mi kú tipiri. Ẹ sunkún níbi ìsìnkú. Èmi ò sunkún. Mo kàn ń jẹ, mo ń sùn, mo ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé.

Ẹ mọ̀ pé ìtàn ìjọ wa yìí ni ọkọ mi ń tẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kó tó kú. Kò sí ẹ̀dà míì. Bátìrì rẹ̀ sì ti gbó. Bí iná bá ti lọ, ẹ̀rọ náà á kú, iná Ìkẹ́rẹ́ kì í sì í pẹ́ lọ. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe sí bátìrì rédíò. Mo yọ ọ́, mo sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti wú, ó ń rùn. Mo ń wò ó. Ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà mí. Mo fẹ́ gbé e ni Táyọ̀, àbúrò ọkọ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ílawẹ̀, wọlé.

“Ìyàwó wa, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ó lè gbiná! Kò gbọdọ̀ wọ ulé mọ́!”

Ó dúró títí ó fi tutù, ó fi ṣọ́bìrì gbé e sínú ìkòkò yanrìn gbígbẹ, síbi tó jìnnà sílé. Ó ní kí n má gún un, kí n má jù ú síná. Ó da nọ́ńbà tó wà lára bátìrì náà kọ, ó ra irú rẹ̀ gan-an l'Ádó.

Ó ní kí èmi fúnra mi fi í sí i. Wáyà iná ò sí lára ẹ̀rọ. Mo dojú rẹ̀ dé orí aṣọ, mo rọra ti bátìrì tuntun wọlé títí ó fi dún kọ́. Kò gba ọ̀bẹ, kò gba agbára.

Ó tàn! Iṣẹ́ ọkọ mi pé! Ọpẹ́ ni fún Ọ! Lókè rẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí: “Ìyá Fẹ́mi, bátìrì yìí ń kú lọ o. Mo mọ ọwọ́ rẹ. Má lọ sá a sóòrùn!”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Kí n tó mọ̀, ẹkún ti dé. Táyọ̀ ò ní kí n dákẹ́. Ó kàn jókòó tì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí tí orin ò wọ̀ yín lára, ẹ má fipá pariwo. Ọlọ́run mọ ibi tó fi ohùn tí yóò jí yín pamọ́ sí. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ara mi ò tíì yá tán. Ṣùgbọ́n mo ti sunkún.