Káàdì Kẹfà àti Ìwé Tí Mo Dorí Rẹ̀ Kodò

Ẹ̀yin àgbà ilé Ògúndìran, ẹ̀yin ìdílé ọkọ ìyàwó, mo kí yín. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ìwé ló wà lọ́wọ́ mi lónìí, tí kì í ṣe àpò káàdì. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. N kò lè gbé e mì, n kò sì lè yọ ọ́. Lónìí mo fẹ́ yọ ọ́ lójú gbogbo yín, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ Fabiola, ọmọ Bienvenu, nítorí pé ẹ̀gàn tí ẹ fẹ́ fi kọ ọmọ yẹn ní ìyàwó, ọwọ́ mi ló ti jáde. Èmi Célestine ni, tí ẹ mọ̀ sí Ìyá Prisca, tó ń wo káàdì fún ènìyàn lẹ́yìn ọjà Kétu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé òpin kí ẹ tó bú mi. Èébú kò ní sá lọ.

Nígbà ọmọge mi, mo bá obìnrin òyìnbó Faransé kan ṣiṣẹ́ ilé ní Kútọnu. Nígbà tí ó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi páálí káàdì kan sílẹ̀ fún mi. Taró ni ó ń pè é. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń ta tẹ́tẹ́ o. Àwòrán ni: ọba, ayaba, òṣùpá, egungun ènìyàn tó ń fi dòjé gé oko. Màdámù kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó, mo sì gbé e wá sílé. N kò mọ ìwé nígbà náà. Ojú àwòrán ni mo fi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ènìyàn ṣe ń dá ewúrẹ́ rẹ̀ mọ̀ láàrin ewúrẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí àwọn obìnrin bẹ̀rù jù: ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró láàrin obìnrin méjì. Ọ̀kan gbé ọwọ́ lé e léjìká, èkejì gbé ọwọ́ lé e láyà, ọmọ kékeré abìyẹ́ sì wà lókè orí wọn tó fa ọrun. Kò sí obìnrin tó wo àwòrán yẹn tí kò rí ilé ara rẹ̀. Rachidatou, aládùúgbò mi, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ọkọ mi rèé! Fìlà rẹ̀ nìkan ni wọn ò yà sí i!"

Ọdún gorí ọdún, Euloge tó ń fi ọkọ̀ kó àgbàdo lọ sí Nàìjíríà ra páálí mìíràn wá fún mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ń dán, àwọn àwòrán rẹ̀ kò sì jọ ti àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní ìhòòhò, tí áńgẹ́lì na ọwọ́ lé wọn lórí láti inú ìkùukùu. Igi kan wà lẹ́yìn obìnrin náà, ejò sì lọ́ mọ́ ọn. Mo rò pé káàdì ọ̀tọ̀ ni. Mo fi Ọlọ́run búra, nígbà náà n kò mọ̀. Bí ọkùnrin bá wá, páálí Nàìjíríà ni mo ń tẹ́ fún un, nítorí pé ọkùnrin fẹ́ràn àwòrán tí ejò wà lẹ́yìn obìnrin. Bí obìnrin bá wá, ti Faransé ni. Kálukú á jáde, á ní, "Òótọ́ ni Ìyá Prisca ń sọ." Ẹ wò ó, òótọ́ tí wọ́n gbé wá látilé ni mo ń dá padà fún wọn.

Ọdún kẹjọ rèé tí Sidonie, ìyàwó Bienvenu ọmọ ilé yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwa àgbà obìnrin ní ìwé lọ́sàn-án, nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti jáde. Èmi ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì tí eékún mi kò gba abẹ́ tábìlì rẹ̀. Sidonie kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Á di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, á ní, "Ìyá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń gúnyán. Ẹ rọra." Lóṣù keje, mo dá kọ orúkọ mi sójú pátákó. Mo sunkún. Òun náà sunkún, síbẹ̀ ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ má jẹ́ kí omijé yín pa C yẹn rẹ́ o!" Ọmọ tó ṣe èyí fún mi nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn bí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Inú dídùn yẹn ló mú kí n kó páálí méjèèjì lọ bá a lọ́jọ́ kan nígbà tí kíláàsì tú. Mo ní kó bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọn àwòrán náà. Ó tò wọ́n sórí tábìlì ní méjì méjì, ti Faransé lápá òsì, ti Nàìjíríà lápá ọ̀tún. Oòrùn wà nínú méjèèjì, àmọ́ ọmọ méjì ló ń ṣeré lábẹ́ ti Faransé, ọmọ kan ṣoṣo ló gun ẹṣin lábẹ́ ti Nàìjíríà. Ó fi egungun inú páálí kan ti ìkejì. "Ẹ wò ó, Ìyá, ikú kan náà ni. Eléyìí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń gé orí ènìyàn bí ẹni gé koríko, wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ sábẹ́ rẹ̀. Eléyìí gun ẹṣin funfun, àlùfáà dúró níwájú rẹ̀ tó ń bẹ̀ ẹ́." Mo ní, "Àbí ikú Faransé kò rówó ra ẹṣin ni?" A rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà láàrin obìnrin méjì, ó gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tí ejò wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá, ẹ wo àmì tó wà lórí wọn. Nọ́ńbà Róòmù ni, bíi ti aago ara ògiri yẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Ṣé ẹ rí i? Kẹfà nìyí. Kẹfà náà nìyí. Káàdì kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ ni wọ́n kọ sábẹ́ méjèèjì." Mo fi ojú mi wo aago. Mo fi ẹnu ara mi ka àmì náà. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Òun kò rí i. Inú rẹ̀ ń dùn. "Ìyá, mo máa gbé wọn lọ bá àwọn obìnrin tó kù lọ́la! Nọ́ńbà kan, àwòrán méjì. Wọn ò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn láé." Mo ní, "Ọmọ mi, fara balẹ̀. Jẹ́ ká kórè àgbàdo tán ná." Ó ní kò burú. Mo délé, n kò lè jẹun. Àwọn obìnrin tí mo ti sọ fún pé ọkọ wọn ní ẹlòmíràn, àwọn ọkùnrin tí mo ti sọ fún pé ejò ń bẹ nílé wọn, àwọn kan nínú wọn jẹ́ tọkọtaya! Bí wọ́n bá gbé àwòrán méjèèjì síra, orúkọ mi ti bàjẹ́ ní Kétu, dé Kpankou, dé Okpomẹta. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n pa iṣẹ́ káàdì tì, kí n sì bẹ gbogbo wọn. Àìmọ̀ ni títí dé ọjọ́ yẹn, wọn ìbá sì forí jì mí. Ṣùgbọ́n ìgbéraga àgbàlagbà burú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí Sidonie yóò ṣe kúrò nílùú kí àgbàdo tó gbẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bienvenu wá. Bienvenu, o jókòó síbẹ̀ yẹn, o mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ. Ilẹ̀ lo wá béèrè, kì í ṣe ìyàwó. O fẹ́ mọ̀ bóyá kí o ra ilẹ̀ kan lọ́nà Kpankou. Kí o tó jókòó, mo ti yọ káàdì kẹfà ti Nàìjíríà, mo ti fi lé orí páálí. Ìwọ rò pé ó fúnra rẹ̀ jáde. Ọwọ́ mi yìí ló mú un jáde. Mo ní, "Ṣé o rí ejò yìí? Ẹ̀yìn obìnrin ló wà." O ní, "Obìnrin wo, Ìyá?" Mo ní, "Èmi kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí ni pé ibi ìwé ni ejò náà ti ń bọ̀." Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo mọ̀ pé Cyriaque, olùkọ́ tó ń fún wa ní ṣọ́ọ̀kì, máa ń fi alùpùpù gbé Sidonie délé nígbà òjò, kò sì sí nǹkan kan láàrin wọn ju òjò lọ. O béèrè omi. O di igbá omi mú, o kò mu ún. O kò sì béèrè ilẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni o ti ilẹ̀kùn mọ́ Sidonie sóde. Bàbá Ògúndìran, bàbá rẹ, pe ìpàdé sí àgbàlá yìí gan-an, ẹ sì ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó jáde nílé, mo ri páálí Faransé mọ́lẹ̀ nínú àká àgbàdo. Sidonie kúnlẹ̀ níwájú yín, ó ní, "Bàbá, ẹ ní kí Ìyá gbé páálí kejì wá. Kò sí ejò kankan nínú ìyẹn. Káàdì kan náà ni, nọ́ńbà kan náà. Ìyá fúnra wọn ló kà á lójú mi." Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní ikán ti jẹ páálí yẹn. Bàbá ní, "Nọ́ńbà tó ní o kà ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo ní, "Bàbá, èmi? Mo kàn ń lọ jókòó síbẹ̀ ni. Orí mi kò gba ìwé." Bàbá ní kí wọ́n dán mi wò. Fabiola ló gbé ìwé ilé-ìwé rẹ̀ wá láti yàrá, ọmọ ọdún mẹ́wàá, omijé lójú. Ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo wo ojú ìwé náà, mo rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ibẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Mo dorí ìwé náà kodò. Mo fi ìka tọ ìlà rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kòkòrò nínú ẹ̀wà, mo ní, "Bàbá, èèrà dúdú ni mo ń rí." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kọjú sí Sidonie: "Ẹni tí kò mọ orí ìwé yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, òun lo ní ó ka nọ́ńbà? O ti ń pa irọ́ mọ́ àgbà?" Sidonie yí ojú kúrò lára Bàbá. Èmi ló wò. Ó ní, "Ìyá, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ kò lè padà sí àìmọ̀ mọ́." Ó dìde, ó gba ọ̀nà Pobẹ̀ lọ. Ẹ kò jẹ́ kó mú Fabiola ọmọ rẹ̀ dání.

Ẹ̀san irọ́ yẹn ni pé mo ní láti máa gbé inú rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń ṣe bí òpè. Ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, àtàǹpàkò ni mo ń tẹ̀, èmi tí mo mọ orúkọ mi kọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń dorí ìwé orin kodò, àwọn ọ̀dọ́ ń bá mi yí i padà, wọ́n ń ní "Ìyá, báyìí ni," mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kíláàsì tú ká. Rachidatou kò kọjá lẹ́tà S. Nígbàkígbà tó bá gbé ìwé oògùn wá kí ọmọ mi kà á fún un, mo máa ń wojú ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Fabiola wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti di ọ̀dọ́bìnrin, ojú ìyá rẹ̀ ló gbé. Mo rò pé ó wá wo káàdì nítorí Olúwadámiláre, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin ará ilé ọkọ ń sọ pé ejò ìyá kì í jìnnà sí ọmọ. Mo na ọwọ́ sí àpò. Ó ní, "Rárá, Ìyá. Mo kàn fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe yẹ ni mo ṣe fi ìwé lé yín lọ́wọ́. Orí rẹ̀ wà lókè. Ẹ̀yin lẹ yí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, báwo ló ṣe mọ ibi tó máa yí i sí?" Mo fa ọwọ́ mi padà kúrò lára àpò. Mo ní, "Ta lo ti sọ fún?" Ó ní, "N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́? Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé yìí. Lánàá mo gbé e lọ sí Pobẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kà á fún Sidonie látòkè délẹ̀. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo kà á tán, n kò gbọ́ pé ó forí jì mí. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ ti kà á fún mi, Ìyá. Ẹ lọ kà á níbi tí ẹ ti sẹ́ mi."

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín. Bienvenu, mo bẹ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo jí gbé kò ṣeé dá padà. Ẹ̀yin ará ilé ọkọ, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán kan hàn yín tó ní ìpín yín nìyẹn, ẹ bi í léèrè èyí tí kò fi hàn yín. Káàdì méjèèjì rèé lórí ẹní, àti ti Faransé tí mo ní ikán ti jẹ, ẹ wo nọ́ńbà wọn fúnra yín. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ sọ pé irọ́ ni Sidonie pa, pé Ìyá Prisca kò mọ̀ ọ́n kà, kó dìde wá dúró lẹ́yìn mi níbí, kó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Orí rẹ̀ wà lókè.