Ọkọ̀ Olóògbé Tí Mo Ní Kò Fẹ́ Kúrò Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ kú ìjókòó. N kò ní dárúkọ ara mi, nítorí àwọn tó mọ̀ mí ní Ilé-Ifẹ̀ pọ̀, bí wọ́n bá sì gbọ́ pé èmi ni, wọn yóò ní irọ́ ni mo tún gbé dé. Irọ́ kọ́ lónìí. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, n kò lè gbé e mọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé obìnrin kan fẹ́ẹ́ bímọ ní Àkúrẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ìyá rẹ̀ kò sì fẹ́ lọ bá a. Èmi ni mo fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

N kò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹta ni mo kà dé. Ẹnu ni mo fi ń jẹun láyé. Mi ò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì rí o, ìtàn ni mo máa ń sọ. Èmi ni mo sọ ní Ẹ̀núwá pé mo fi kẹ̀kẹ́ ológeere lé ẹtu kan nígbà èwe mi, títí ẹtu náà fi dúró, tó ní ká jọ sinmi díẹ̀. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á ra ẹlẹ́rìndòdò fún mi, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bàbá Sìkírá. Ilé rẹ̀ àti ilé mi kọjú síra lọ́nà Òkè-Ogbó. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, aláwọ̀ ewé, tó ti gbó. Òun ló ń wà á, èmi ni mo máa ń jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó sẹ́yìn, á ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni tọkọtaya, èmi ni àlejò." Láti ìgbà tí ìyàwó tèmi ti kú, ilé wọn ni mo ti ń jẹun alẹ́.

Nígbà tí Bàbá Sìkírá kú, mo sunkún ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣe opó, ó jáde opó. Bó ṣe jáde báyìí ni Sìkírá, ọmọ wọn tó wà ní Àkúrẹ́, pè pé oyún òun ti tó bí. Ó ní kí ìyá òun máa bọ̀ wá wẹ ọmọ fóun. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ bàbá dání kó má baà bàjẹ́ sílẹ̀, kí ìyá sì kúkú máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá Sìkírá ti ń di ẹrù. Ó ti ra ọṣẹ dúdú, ó ti ra òrí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro tèmi náà. Ilé kan ṣoṣo tí mo ń lọ jókòó sí láyé, wọ́n fẹ́ẹ́ tì í pa.

Ara ọkọ̀ yẹn kò sì dá. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń rìn bí aláìsàn. Bó bá kan òkè, á máa kérora, á sì kú. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti dòbu. Iná kan tún wà níwájú awakọ̀ tí kì í kú. Wọ́n pe Múfú, mẹkáníìkì kan láti Mọdákẹ́kẹ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò kéré sí tèmi. Ìyá Sìkírá ń lọ sọ́jà, ó ní kí n bá òun dúró tì í.

Múfú ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ síbi ẹnu páìpù èéfín. "Bàbá, ṣé ẹ rí i bó ṣe ń mí? Ọkọ̀ tó yẹ kó máa fẹ́ ìjì, ó ń mí bí adìyẹ tó ń sàba."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó kan nǹkan kan lára páìpù náà, nǹkan ọ̀hún sì dún ṣakaṣaka bí agolo tí òkúta wà nínú rẹ̀. Ó ní katalíìsì ni wọ́n ń pè é. Ó ní inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, pé inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn ni èéfín ń gbà kọjá kó tó jáde, kó lè mọ́. Púlọ́ọ̀gì kan, èyí tó ń ta iná sí bẹntiróòlù, ló ti kú, bẹntiróòlù tí kò jó wá ń lọ jó níbẹ̀, títí afárá náà fi yọ́, tó wó, tó dí ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kò fi lè mí. Òun náà ló ń rùn.

Mo ní kó yé parọ́ fún òpùrọ́. Ló bá tú páìpù náà níwájú katalíìsì, ó ní kí n wọlé. Ẹ̀yin èèyàn, ọkọ̀ yẹn bú ramúramù, ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ogbó bí ẹni tí wọ́n ń fi pàṣán lé. Nígbà tí a padà dé, ó dè é padà bó ṣe wà, ọkọ̀ sì tún di aláìsàn.

"Ẹ ti fojú ara yín rí i," ó wí. "Mò ń lọ síbi ìsìnkú kan. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé púlọ́ọ̀gì la ó kọ́kọ́ pààrọ̀, ká tó wá katalíìsì tòkunbọ̀ síbẹ̀. Bí a ò bá ṣe púlọ́ọ̀gì, èyí tí a bá fi síbẹ̀ náà á jóná ni. Ẹ má lọ sọ nǹkan mìíràn o, mo mọ̀ yín."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ jíjẹ́?"

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi fi ti òpùrọ́ jẹ́ ẹ.

Ìyá Sìkírá dé, ó ní, "Kí ni Múfú wí?" Mo wo báàgì rẹ̀ tó ti dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀.

Mo ní Múfú tú gbogbo ara ọkọ̀, kò rí nǹkan kan. Mo ní nígbà tó lọ tán, mo jókòó sí àyè mi níwájú, mo sì gbọ́ ikọ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo ní ó sọ pé, "Ẹ sọ fún un kó má tíì lọ." Mo ní bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni òórùn ẹyin gba gbogbo inú ọkọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Bàbá Sìkírá kì í jẹun àárọ̀ láìsí ẹyin bíbọ̀.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín, mà á ní eré ni mò ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Mo mọ̀ pé kò lè fi mí sílẹ̀ báyẹn," ló sọ. Ó dìde, ó tú ẹrù rẹ̀.

Mo wá lọ sọ fún Múfú pé Màmá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ olóògbé. Ó ní kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn.

Sìkírá bí ọmọkùnrin. Ìyá rẹ̀ kò lọ. "Bàbá rẹ ò tíì yọ̀ǹda mi" ló ń sọ lórí fóònù. Àjèjì ló wẹ ọmọ náà. Sìkírá ní, "Òkú lẹ̀ ń tọ́jú, ẹ fi alààyè sílẹ̀." Láti ọjọ́ náà, wọn kò pe ara wọn mọ́.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá ti kírun dé, Ìyá Sìkírá á ní kí n bá òun tan ọkọ̀. Á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á fa òórùn náà símú, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà á bọ ẹyin, á fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: èmi náà jẹ nínú ẹyin yẹn. Mo jẹ ẹ́ dáadáa.

Nígbà tó yá, Sìkírá tún lóyún. Èmi ló pè. "Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́yìn tí mo bí i tán, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe nínú ilé. Mi ò sọ fún wọn, ẹ̀yin náà ẹ má sọ."

Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Mo ta òbúkọ mi kí n lè rówó tún ọkọ̀ náà ṣe. Mo lọ sọ fún Múfú pé Màmá ti gbà. Ó wá nígbà tí obìnrin náà wà lọ́jà. Ó pààrọ̀ gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ó da epo sí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ó sì tún ní láti gé ọ̀kan. Ó fi katalíìsì tòkunbọ̀ síbẹ̀, ó tan ọkọ̀, ó ní kí n gbé ọwọ́ síbi ẹnu páìpù. Afẹ́fẹ́ náà tì mí lọ́wọ́ sẹ́yìn. Iná iwájú awakọ̀ kú. Katalíìsì tó ti bàjẹ́ ọ̀hún, ó tà á fún àwọn tó ń kiri rà á.

Mo rò pé mo ti gbọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ pé, mo lọ kí Ìyá Sìkírá pẹ̀lú ariwo: "Ó ti gbà o! Ọkọ yín ní kí ẹ máa lọ wẹ ọmọ!" Mo tan ọkọ̀. Ó dúró sẹ́yìn. Ó fa afẹ́fẹ́ símú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún fà á.

"Kò rùn mọ́," ó wí.

"Ó ti yọ̀ǹda yín ni."

"Rárá. Ó ti lọ ni. Kò sì dágbére fún mi."

Ó wọlé, ó lọ yọ aṣọ opó rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àpótí. Ó ní òun tún ti di opó, opó kì í sì í rìnrìn àjò.

Mo lọ bá a ní ọjọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, èmi àgbàlagbà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: púlọ́ọ̀gì, katalíìsì, iṣẹ́ tí Múfú rán mi tí n kò jẹ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Afárá oyin! Lábẹ́ ọkọ̀! Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ ṣé o, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ni. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ̀yìn á dùn yín." Lẹ́yìn náà ni omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu oúnjẹ fún mi. N kò lè jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ tí mo sọ ni kò rẹ́ni gbà á gbọ́. Múfú nìkan ló lè jẹ́rìí sí i. Bí mo bá mú un wá, yóò mọ̀ pé mo sọ òun di mẹkáníìkì tí kò rí nǹkan kan, ariwo mi á sì gba gbogbo Mọdákẹ́kẹ́. Ìyẹn tọ́ sí mi, òun kọ́ ni mo ń bẹ̀rù.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ọjọ́ tí Ìyá Sìkírá bá gbà mí gbọ́. Yóò mọ̀ pé ọkọ òun kò sọ ohunkóhun láti ọjọ́ yìí wá, pé lásán lòun fi ọmọ òun sílẹ̀ lọ́jọ́ ìrọbí. Ṣé ara rẹ̀ á lè gbà á? Bí kò bá sì gbà mí gbọ́, Sìkírá yóò tún dá bímọ, mo sì ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ̀yin tí wọ́n bí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n mú Múfú wá ni? Àbí kí n pe Sìkírá, kí n jẹ́wọ́ fún òun náà, kó fúnra rẹ̀ sọ nípa ẹ̀jẹ̀ yẹn fún ìyá rẹ̀? Ẹ dáríjì mí, ẹ sì dáhùn kíákíá. Mo ti rọ epo sínú ọkọ̀ náà. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, kò sí òkè tí kò lè gùn. Ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni kò tíì dìde.