Wọ́n Ní Mi Ò Mọ Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ní gbogbo Minna. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní àdúgbò Tudun Wada ti gbà pé agbéraga ni mí. Wọ́n ní ìwé ń pa mí bí ọtí, wọ́n ní ọmọ tó ń bá ìjọba jà ti wá kọjú ìjà sí àgbà. Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya ti ní òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí kò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Èmi nìyí nínú yàrá kan ṣoṣo ní àdúgbò Soje, mò ń gbọ́ orin láti ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí èmi náà ti máa ń kọrin rí, mi ò sì lè wọlé bá wọn. Ṣé agbéraga ni mí lóòótọ́? Ikùn mi nìkan ló mọ̀.

Minna ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí wọ́n sọ ìlú wa di olú-ìlú ìpínlẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá iṣẹ́ ìjọba kiri. Èmi ń bá àwọn tí katapílà wó ṣọ́ọ̀bù wọn nítorí títì tuntun kọ̀wé ẹ̀hónú. “Lauya” ni àwọn ọlọ́jà ń pè mí, bí Hausa ṣe ń pe lọ́yà, bẹ́ẹ̀ mi ò ka ìwé òfin rárá. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ omi. Omi ẹ̀rọ ń ṣàn lọ sí àdúgbò àwọn ọ̀gá, àwa ń fa omi kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Mo ṣì ń pariwo lórí rẹ̀ ni omi náà dá mi dùbúlẹ̀. Taifọ́ọ̀dù ni dókítà pè é. Ó ti dá ìfun mi lu kí wọ́n tó gbé mi dé ọsibítù.

Wọ́n là mí níkùn, wọ́n fa orí ìfun jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó pupa, ó rọ̀, ó sì tutù bí inú ètè. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà jáde sínú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ara, kì í sì í gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n kó àpò díẹ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn? Ara mi ni mo fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kọ́ pé àárọ̀, kí n tó fẹnu kan nǹkan, ló dára láti pààrọ̀ àpò, torí ìgbà náà ni ìfun máa ń dákẹ́. Mo kọ́ láti gé ẹnu àpò náà ṣe rẹ́gí, nítorí bó bá fẹ̀ jù, ìgbẹ́ á bó mi lára bí omi gbígbóná. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń wẹ ibẹ̀, màá sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ìrẹsì àti ẹ̀kọ máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ ki. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ń fẹ́ àpò náà bí bọ́ọ̀lù. Mò ń fi iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sí omi mímu, torí omi ara mi ń tètè tán. Mi ò jẹ́ kí àpò kún dé ìdajì kí n tó tú u dànù. Ooru Minna yìí sì wà níbẹ̀, òógùn á fẹ́ tú u kúrò lára mi, ìyá mi ló fi aṣọ rán ìgbànú tí mo fi ń dì í. Ibikíbi tí mo bá dé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ọ̀gá nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé ọ̀gá nìkan ló ń ṣu ni?

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ àpò náà fún ẹbí kankan, tàbí fún Morẹ́nikẹ́ pàápàá, àfẹ́sọ́nà mi. Ìyá mi ló ní kí n má sọ, ó ní ẹnu ayé lẹbọ. Lọ́jọ́ tí èmi àti àbúrò bàbá mi lọ rí bàbá Morẹ́nikẹ́, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, mo tú àpò dànù kí a tó kúrò nílé, ẹ̀kọ lásán ni mo sì jẹ. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin tó lọ tọrọ ìyàwó ní láti na gbogbo ara sílẹ̀, kí àyà àti ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀. Bí mo bá fi ikùn lélẹ̀, àpò náà á bẹ́. Mo rò pé ní Minna, níbi tí gbogbo wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àgbà bíi Hausa, wọn ò ní kà á sí. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

Bàbá wò mí látorí délẹ̀. “Kai! Ṣé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ mú wá, àbí Hausa tó fẹ́ ta àlùbọ́sà fún mi?”

“Na ara sílẹ̀ fún bàbá, jàre,” ni àbúrò bàbá mi sọ sí mi létí. Mi ò mira. Ojú tì í, ló bá ní, “Ẹ má bínú, sà. Ẹ mọ àwọn ọmọ yunifásítì yìí. Wọ́n ní gbogbo èèyàn dọ́gba.”

“Haba! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó lọ fẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n jọ dọ́gba.”

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú. Ibẹ̀ ni àpò náà ti dún, pùùù! Bàbá fò dìde. “Kò dọ̀bálẹ̀, ó tún só sí mi nílé!” Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Morẹ́nikẹ́ wá bá mi ní Soje. Mò ń pààrọ̀ àpò lọ́wọ́ nígbà tó kan ilẹ̀kùn.

“Ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá mi ò tó ẹni tí o ń dọ̀bálẹ̀ fún?”

“Kò rí bẹ́ẹ̀.”

“Ṣílẹ̀kùn, ká sọ̀rọ̀.”

“Mi ò lè ṣí i báyìí.”

“Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ?”

Mo sáré tẹ àpò tuntun mọ́ra. Kò tètè lẹ̀. Kó tó lẹ̀ tán, Morẹ́nikẹ́ ní, “Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, wá sọ ọ́ lójú bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Bí o ò bá wá, má wá mọ́ láéláé.”

Òní ni ọjọ́ Ìsinmi náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n má ṣe dákẹ́ sí ìyà, èmi náà ni mo di ẹnu pa. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀, kí àpò bẹ́, kí wọ́n fojú ara wọn rí i? Ṣé kí n ká dàńṣíkí sókè lójú bàbá ìyàwó? Àbí kí n jókòó síhìn-ín, kí n máa jẹ́ agbéraga wọn lọ, torí ó sàn kí wọ́n bínú sí mi ju kí wọ́n di imú? Ẹ̀yin àgbà, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ tí kò na ara sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe é. Mo ti lẹ àpò tuntun mọ́ra láàárọ̀ yìí, mo ti fi ìgbànú ìyá mi dì í, mo ti wọ dàńṣíkí funfun. Wọ́n ti ń kọ orin ìparí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ tètè dá mi lóhùn.