Fáíbà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pín Sí Mẹ́rin

Alhamdulilahi! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí ojú tì mí. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi ní àsàlátù, ẹ bá mi yọ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní GRA gbà mí síṣẹ́, wọ́n ní oṣù mẹ́ta làwọn yóò fi dán mi wò. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n ní kí n so fáíbà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, láti ọ́fíìsì wa dé iléèwé kan ní àdúgbò Fate. Mo so ó. Iná tàn lára ẹ̀rọ méjèèjì, síbẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́ta! N kò lè jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí, mo tún ń bínú sí ara mi pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀gá wa, Àlàájà, kò pariwo. Wọ́n kàn ní tó bá di Jímọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àwọn yóò wá ẹlòmíì.

Láàárọ̀ Àlàmísì, mo sin ìyá mi, tó ń ta iṣu, lọ gba ọjà ní ọjà Ìpátá. Níbẹ̀, bí iṣu ẹni mẹ́rin bá wà nínú ọkọ̀ kan, koríko ni wọ́n fi ń pààlà sí i. Àwọn alábàárù gun ọkọ̀, wọn ò rí koríko, wọ́n dúró, wọ́n ń wá ààlà.

Ìyá mi ní, "Kí lẹ ń wá? Odidi ni. Èmi nìkan ni mo ni ín. Ẹ máa já a."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Odidi ni ẹ̀rọ ọ́fíìsì ń fi ránṣẹ́, ọ̀nà ńlá kan fún oníbàárà kan. Èmi ni mo pín ọ̀nà náà sí mẹ́rin nínú ètò ẹ̀rọ ti Fate, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ ń dé, ẹ̀rọ ń wá ààlà tí kò sí.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ Fate, mo pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ọ̀kan. Kí n tó dìde, tíṣà kan ti yọjú láti sọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti dé. Mo sunkún. Alhamdulilahi!

Ọkàn mi ní kí n sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ fún Àlàájà. Wọ́n ní:

"Ẹni tó mọ ibi tó ti ṣe àṣìṣe, n kì í lé e lọ. Ṣùgbọ́n máa béèrè."

Lánàá ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà iṣẹ́.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ṣàdúà. Ẹni tí iná rẹ̀ ń tàn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ, kó má sọ̀rètí nù, kó sì má tijú àtibéèrè. Ìyá mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ fáíbà. Òun ni Ọlọ́hun fi dá mi lóhùn.