Mílíìkì Tí Mo Dà Sínú Ìgò Aunty Tóyìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀rí kọ́ ni mo wá jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti March. Tí n ò bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n máa dá Aunty Tóyìn Dáramọ́lá tí wọ́n jókòó sẹ́yìn yẹn padà sí Nigeria nítorí ohun tí wọn ò ṣe. Èmi ni mo ṣe é. Èmi Fìyìnfólúwa, aláwàdà yín.

Ẹ mọ̀ pé mo fi college sílẹ̀ ní semester kejì. Aunty Tóyìn ló bá mi wá iṣẹ́ ní lab tí wọ́n ti ń ṣe PhD. Èmi àti òyìnbó kan, Eli, la jọ ń fọ ìgò níbẹ̀. Ohun tí Aunty ń ṣe ni pé wọ́n ki jíìnì èèyàn, ìyẹn àbùdá tá a máa ń jogún, bọ inú bakitéríà, kí bakitéríà lè máa bá wọn ṣe purotéènì inú kíndìnrín èèyàn, tí àwọn tó ń ṣèwádìí àìsàn máa lò. Mo ní, "Aunty, ṣé bakitéríà yìí ò ní gba green card báyìí?" Wọ́n ní, "Fìyìn, orí ẹ ò pé."

Láràárọ̀, wọ́n á da bakitéríà sínú ìgò ńlá, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e: "Ẹ pọ̀ sí i lórúkọ Jésù." Omi inú ẹ̀ máa ń mọ́ gaara. Bí bakitéríà bá ṣe ń pọ̀ ló máa ń ṣú bí omi ògì. Oṣù mẹ́jọ, kò ṣú dáadáa rí.

Lọ́jọ́ Thursday kan, Aunty lọ jẹun ọ̀sán. Mo sọ fún Eli pé, "Mo fẹ́ bá wọn dáhùn àdúrà." Ó ní, "Bro, má dán an wò," àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín. Mo da ṣíbí mílíìkì lẹ́búlẹ́bú mẹ́ta sí i. Mo rò pé wọ́n á pariwo, màá yọjú, a jọ máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á dà á nù. Òpònú ni mí. Aunty wọlé, wọ́n wo ìgò, wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lab, omijé ń bọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mílíìkì ni?

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n jẹ́rìí níbí. Daddy Ọlátẹ́jú, ẹ̀yin lẹ ké Halleluyah jù. Mo ké e tèmi náà. Mo tiẹ̀ jó.

Wọ́n fa purotéènì jáde nínú ẹ̀, ọ̀gá wa, Dr. Bridget, fi ránṣẹ́ sí lab míì. Àwọn yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ti màlúù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀gá ní Aunty ló fi ti màlúù lú u kó lè dà bíi pé ó pọ̀. Dr. Bridget pè mí. "Fìyìn, ṣé ẹlòmíì fọwọ́ kan ìgò yẹn?" Mo ní, "Rárá ma, Aunty Tóyìn nìkan ni." Ì bá mọ síbẹ̀. Ẹnu mi ò dúró. Mo ní, "Wọ́n ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá ojú ń tì wọ́n láti sọ pé kò pọ̀ mọ́." Dr. Bridget kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ní kí Aunty má wá mọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ Tuesday, school máa jókòó lé ọ̀rọ̀ wọn. Tí wọ́n bá lé wọn, visa ti tán. Aunty pè mí lálẹ́ àná. Wọ́n ní, "Fìyìn, bá mi gbàdúrà. Mi ò mọ ibi tí màlúù ti wá." Mo ní, "Amen, ma."

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sí Dr. Bridget láàárọ̀ yìí. Eli náà kọ tiẹ̀. Aago mẹ́wàá ọjọ́ Tuesday, màá wà níwájú àwọn school. Ẹ̀yin youth tí mò ń pa lẹ́rìn-ín, kí ẹ tó fi èèyàn ṣàwàdà, ẹ wò ó bóyá ohun tó ń sunkún lé lórí lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn.

Aunty Tóyìn, ẹ má dá mi lóhùn lónìí. Mi ò tíì ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa torí ẹ̀ dárí jì mí. Ẹ kàn bá mi dúró di Tuesday. Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má tíì di ẹrù yín.